Ṣé Ẹ Mọ̀? Ìlú Ẹlẹ́nìkan, Ìlú Inú Ilé Kan, àti Àwọn Àrà Mìíràn ní Ìgbèríko Amẹ́ríkà

Bí wọ́n bá ti dárúkọ Amẹ́ríkà, New York ni ọkàn ọ̀pọ̀ wa máa ń sáré lọ, tàbí Houston níbi tí àbúrò ẹnìkan ń gbé. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Amẹ́ríkà ní ìlú bí 19,500 tó ní ìjọba tirẹ̀, bí mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ni èrò wọn kò sì pé 5,000. Inú àwọn ìlú kéékèèké wọ̀nyí ni àrà pọ̀ sí. Ẹ fara balẹ̀, mo ti ṣa èyí tó dùn jù sọ́tọ̀.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ìlú kan wà ní Nebraska tí gbogbo èrò ibẹ̀ jẹ́ ẹyọ ẹnìkan? Monowi lorúkọ rẹ̀. Nígbà ìkànìyàn 2010, ìyá àgbà kan ṣoṣo ni wọ́n bá níbẹ̀: òun ni méyọ̀, òun ni akọ̀wé, òun ni akápò, òun ló ń tọ́jú ilé ìkàwé, òun náà ló ń ta ọtí.

Ìwé àṣẹ ọtí rẹ̀ gan-an ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ìyá olọ́tí á kọ̀wé béèrè, ìwé á dé ọ́fíìsì ìlú, akọ̀wé ìlú á yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, á sì fọwọ́ sí i. Ọwọ́ kan náà ló kọ ọ́, ọwọ́ kan náà ló gbà á. Ọdọọdún ló tún máa ń bu owó orí lé ara rẹ̀, kí iná òpópónà ìlú má bàa kú.

Ẹlẹ́nìkan ni ìlú náà, ṣùgbọ́n ìwé tó wà nínú ilé ìkàwé rẹ̀ tó 5,000. Ẹ fi ìwé pín ènìyàn, kí ẹ wá ìlú tó jù ú lọ láyé wá fún mi!

Ó ku èyí tó dùn jù nípa Monowi. Ní 2020, ìjọba kéde pé ènìyàn 2 ló ń gbé ibẹ̀. Ta ni ìkejì? Kò sí! Àwọn oníkànìyàn máa ń mọ̀ọ́mọ̀ yí nọ́mbà ìlú kéékèèké padà díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ìṣirò tú àṣírí ará ìlú. Nínú ìlú ẹlẹ́nìkan, àṣírí ta ni wọ́n ń bò?

Ṣé kíkà lè pa ènìyàn mẹ́ta rẹ́? Ó ṣẹlẹ̀ ní Lost Springs, ìpínlẹ̀ Wyoming: ìkànìyàn 2000 sọ pé ènìyàn 1 ló wà níbẹ̀, àwọn ará ìlú sì yarí pé àwọn mẹ́rin làwọn. Ní 2010, wọ́n kà wọ́n pé mẹ́rin.

Ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti ta ìlú ní gbàǹjo? Buford, Wyoming, ga tó 8,000 ẹsẹ̀ bàtà ju ìtẹ́jú òkun lọ, olùgbé rẹ̀ kan ṣoṣo ló sì ni ín. Ní 2012, ó tà á ní 900,000 dọ́là fún oníṣòwò kan láti Vietnam, ẹni yẹn sì sọ ìlú náà ní PhinDeli, orúkọ kọfí tó ń tà.

Ilẹ̀ rẹpẹtẹ, èrò gín-ín-ń-gín: Loving County ní Texas fẹ̀ ju ìlọ́po méjì New York City lọ. Ní 2020, New York ní mílíọ̀nù 8.8 ènìyàn. Loving ńkọ́? Ènìyàn 64. Mólùé Èkó kan á kó gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àyè á sì kù fún ẹni tó ń ta àgbo.

Ta ló sọ pé ìbò méjì kò lè gbé ènìyàn dé ipò? Ní Anamosa, ìpínlẹ̀ Iowa, ọkùnrin kan di kánsílọ̀ ní 2005 pẹ̀lú ìbò 2 péré, ti ìyàwó rẹ̀ àti ti aládùúgbò rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ sí lórí ìwé ìdìbò. Ṣe ni àwọn méjèèjì fi bírò kọ ọ́ sí i.

Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Wọ́ọ̀dù rẹ̀ ní ènìyàn bí 1,400 lórí ìwé, ṣùgbọ́n bí 1,300 nínú wọn ló wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ibi tí wọ́n ti ẹlẹ́wọ̀n mọ́ ni ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti ń kà á, bẹ́ẹ̀ kò lè dìbò níbẹ̀. Àwọn tó kù lómìnira ní wọ́ọ̀dù náà kò tó 100.

Calipatria, ní California, náà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n nínú iye èrò rẹ̀, àmọ́ àsíá rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ilẹ̀ ìlú náà rẹlẹ̀ ju òkun lọ ní bí 180 ẹsẹ̀ bàtà. Ni wọ́n bá ri òpó àsíá tó ga tó 184 mọ́lẹ̀, kí àsíá wọn lè fẹ́ lẹ̀lẹ̀ ní ọgbọọgba pẹ̀lú òkun!

Ìlú wo ni òkú ti pọ̀ ju alààyè lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún? Colma, California. Alààyè ibẹ̀ ní 2020 jẹ́ 1,507. Àwọn tó sùn sínú àwọn ibojì rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Lóòótọ́, ẹ̀gbẹ́ San Francisco ló wà, kì í ṣe inú igbó. Ṣùgbọ́n San Francisco gan-an ló kó òkú rẹ̀ jáde tó lọ dì wọ́n rù ú, nígbà tí ilẹ̀ di góòlù.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o: ológbò kan jẹ́ méyọ̀ Talkeetna, ní Alaska, fún 20 ọdún gbáko, láti 1997 títí ó fi kú ní 2017. Oyè ìyẹ́sí lásán ni, ṣùgbọ́n àwọn arìnrìn-àjò ń wá kí i bí wọ́n ṣe ń kí ọba.

Rabbit Hash, Kentucky, ajá ni tiwọn. Láti 1998 ni ajá ti ń ṣe méyọ̀ níbẹ̀, dọ́là kan sì ni ìbò kan, kí owó lè wọlé fún ìtọ́jú ilé àtijọ́ ìlú. Ajá tó wọlé ní 2020 ní ìbò tó lé ní 13,000, nínú abúlé tí ẹ lè rìn já kí tíì yín tó tutù. Ẹni tó bá ra ìbò níbẹ̀, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sí ìlú tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Ṣé ẹ mọ̀ pé inú ilé kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ jù lọ ará Whittier, Alaska, ń gbé? Ilé alájà 14 ni, àwọn ológun ló kọ́ ọ, wọ́n parí rẹ̀ ní 1957. Ìlú náà ní ènìyàn 272 ní 2020, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sì jẹ́ ará ilé kan náà.

Nínú ilé yẹn, ọ́fíìsì ìfìwéránṣẹ́ wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, ilé ìtọ́jú aláìsàn wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì náà wà níbẹ̀. Ọmọ iléèwé kò nílò kóòtù láàárín yìnyín: ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ kan lọ tààrà láti ìsàlẹ̀ ilé dé iléèwé. Ẹ wo ọmọ tó fẹ́ purọ́ pé yìnyín ni kò jẹ́ kóun tètè dé!

Ẹ tún gbọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ Whittier. Ihò abẹ́ òkè ni, ó gùn tó máìlì 2.5, ojú ọ̀nà rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, mọ́tò àti rélùwéè ló sì jọ ń lò ó. Àwọn tó ń wọlé á dúró kí àwọn tó ń jáde kọjá, gbogbo wọn á sì dúró de rélùwéè. Tó bá di òru, wọ́n á ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ẹni tó bá pẹ́ níta, inú mọ́tò ló sùn.

Ìbaaka ló ń gbé lẹ́tà lọ sí Supai, Arizona, títí di òní olónìí. Ìsàlẹ̀ àfonífojì ńlá Grand Canyon ni ìlú àwọn ẹ̀yà Havasupai yìí wà, máìlì 8 sí ibi tí ọ̀nà mọ́tò parí sí. Ẹ rìn, ẹ gun ẹranko, tàbí kí ẹ wọ hẹlikọ́pítà. Kò sí ẹ̀kẹrin.

Mackinac Island, ní Michigan, lé mọ́tò jáde ní 1898, kò sì gbà á padà. Ènìyàn 583 ni wọ́n kà níbẹ̀ ní 2020, ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì ń gùn. Títì ìpínlẹ̀ kan yí erékùṣù náà po, máìlì 8, tí mọ́tò kò gbọdọ̀ tẹ̀.

Ibi tí Wi-Fi ti jẹ́ èèwọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ńkọ́? Green Bank, West Virginia. Ẹ̀rọ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 100 ló wà níbẹ̀ tó ń tẹ́tí sí ìró láti inú sánmà, kò sì fẹ́ kí ohunkóhun pariwo sí i létí. Láti 1958 ni òfin ti ń dáàbò bo ìdákẹ́jẹ́ yìí lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 13,000 máìlì níbùú lóòró.

Mọ́tò oní-dísù ni wọ́n ń wà lẹ́bàá ẹ̀rọ náà, torí pé púlọ́ọ̀gì mọ́tò oní-pẹtiróòlù máa ń ta iná pàrà, ẹ̀rọ náà á sì gbọ́ ọ. Ìyẹn ni kí ẹ tó wá sọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀.

Ilẹ̀ ń jó lábẹ́ Centralia, Pennsylvania, láti 1962. Èédú inú ilẹ̀ ló gba iná, kò sì tíì kú. Lọ́dún 1980, ènìyàn tó lé ní 1,000 ló ń gbé ibẹ̀. Ní 2020, ó ku 5. Ní 2002, ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ gba nọ́mbà ìfìwéránṣẹ́ ìlú náà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣì dúró lórí òkè ibẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń ti ìlú mìíràn wá jọ́sìn.

Òkùnkùn ọjọ́ 65! Ní Utqiaġvik, Alaska, ìlú ènìyàn bí 5,000, oòrùn máa ń wọ̀ nínú oṣù kọkànlá, ó sì di oṣù kìíní ọdún tuntun kí wọ́n tó tún rí i. Ẹni tó bá dá àdéhùn níbẹ̀ pé “bílẹ̀ bá mọ́ lọ́la”, ó ti tàn yín jẹ.

Bẹ́ẹ̀, wọ́n lè fojú lásán rí ọ̀la ní Diomede, Alaska. Erékùṣù Rọ́ṣíà tó kọjú sí wọn kò ju máìlì 2.4 lọ, ṣùgbọ́n ìlà tí ayé fi pín ọjọ́ gba àárín omi náà kọjá, aago òdìkejì sì fi wákàtí 21 síwájú tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ààlà. Point Roberts, ní ìpínlẹ̀ Washington, wà ní Amẹ́ríkà, àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi mọ́tò débẹ̀, ẹ ó wọ Kánádà, ẹ ó sì tún jáde ní Kánádà. Àdéhùn 1846 ló fà á: wọ́n fa ìlà tààrà lórí ìwé, ìlà sì bẹ́ orí ilẹ̀ náà já kúrò lára Kánádà. Àwọn ọmọ ibẹ̀ tó ti dàgbà díẹ̀ ń gba ẹnubodè lọ sí iléèwé, wọ́n sì ń gba ẹnubodè bọ̀. Ẹ rò ó wò lásìkò Kòrónà, nígbà tí wọ́n ti ẹnubodè pa.

Àṣìṣe àwọn tó ya máàpù ló bí Northwest Angle, ní Minnesota. Máàpù tí wọ́n gbọ́kàn lé nígbà àdéhùn 1783 kò bá ilẹ̀ mu, èékánná Amẹ́ríkà kan sì há sínú Kánádà. Ẹni tó bá fi mọ́tò dé ibẹ̀, inú àgọ́ kékeré kan ló ń wọ̀ láti fi ẹ̀rọ pe àwọn aṣọ́bodè, pé “mo ti dé o”. Lásìkò òtútù, ìgbà mìíràn wà tí wọ́n ń wa mọ́tò gba orí adágún tó dì.

Ní Derby Line, Vermont, ẹ lè jókòó sí Amẹ́ríkà kí ẹ máa wo eré ní Kánádà. Gbọ̀ngàn àti ilé ìkàwé Haskell, tí wọ́n parí ní 1904, jókòó lé ààlà gan-an: ọ̀pọ̀ ìjókòó wà níhìn-ín, pèpéle wà lọ́hùn-ún, wọ́n sì fa ìlà dúdú sílẹ̀ nínú ilé kó lè hàn.

Ohun tó jọ ọ́ wà ní iléèwé College Corner. Ààlà Ohio àti Indiana gba inú gbọ̀ngàn eré ìdárayá wọn kọjá. Ẹni tó ju bọ́ọ̀lù básíkẹ́tì láti Ohio lè jẹ góòlù ní Indiana.

Olú-ìlú ìpínlẹ̀ tó di erékùṣù ńkọ́? Kaskaskia ni olú-ìlú àkọ́kọ́ tí ìpínlẹ̀ Illinois ní, 1818 sí 1820. Ìlà oòrùn odò Mississippi ló wà. Ní 1881, odò náà ru, ó já ọ̀nà tuntun, ó gbé púpọ̀ nínú ìlú lọ, ó sì fi ìyókù sí ìwọ̀ oòrùn! Ìlú kò ṣípò o, odò ló ṣípò.

Títí di òní, ará Illinois tó bá fẹ́ lọ sí Kaskaskia ní láti kọjá sí ìpínlẹ̀ Missouri kó tó lè wọ ìpínlẹ̀ ara rẹ̀ padà. Èrò ibẹ̀ ní 2020: ènìyàn 21. Agogo kan sì wà lọ́dọ̀ wọn tí ọba Faransé, Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún, fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ọdún 1741 ni wọ́n rọ ọ́, kí Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ tó di orílẹ̀-èdè. Agogo ọba, ará ìlú 21. Mo kan ní kí ẹ mọ̀ ni.

Ibo gan-an ni àárín gbùngbùn ìpínlẹ̀ 48 tó so mọ́ra? Lebanon, Kansas, tí èrò rẹ̀ jẹ́ 178 ní 2020. Ní 1918, àwọn awọnlẹ̀ gé máàpù Amẹ́ríkà lára páálí, wọ́n gbé e lé ṣóńṣó kan, wọ́n ń tì í síwá sẹ́yìn títí tó fi dúró láì yẹ̀. Báyìí ni wọ́n mọ̀ ọ́n! Pátákó ìrántí wà ní bí ìdajì máìlì sí ibi gan-an, torí pé oko ẹlẹ́dẹ̀ ẹnìkan ni ojú ibẹ̀ bọ́ sí.

Àárín ilẹ̀ kì í ṣe àárín èrò o. Ẹ ká gbogbo ará Amẹ́ríkà lé pátákó kan tí kò wúwo rárá, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wúwo bákan náà. Ibi tí ẹ ó ti fi ìka kan gbé e tí kò ní dojú dé ni àárín èrò. Ní 1790, Maryland ló wà, nítòsí etíkun. Ní 2010, ẹ̀bá Plato ní Missouri ni, ìlú ènìyàn 109. Ní 2020, ó ti sún dé ìhà Hartville, ìlú ènìyàn bí 600. Láti 1790, ìwọ̀ oòrùn ló ń wọ́ lọ ní gbogbo ìkànìyàn, kò padà sẹ́yìn rí.

Tó bá jẹ́ ibi tó jìnnà sí gbogbo nǹkan lẹ ń wá, ẹ lọ sí Glasgow, Montana. Ní 2018, ìwé ìròyìn Washington Post ṣírò ó pé kò sí ìlú tó bá a dọ́gba nínú ìpínlẹ̀ 48 tó so mọ́ra tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀: wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ nínú mọ́tò sí ìlú ńlá èyíkéyìí.

Ìlú tó ta orúkọ rẹ̀ náà wà. Clark, Texas, di DISH ní 2005, torí pé ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sátẹ́láìtì ṣèlérí ọdún 10 lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ilé. Hot Springs, New Mexico, sì di Truth or Consequences ní 1950, orúkọ ètò rédíò kan. Ètò náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́. Orúkọ ń bẹ níbẹ̀.

Ṣé ẹ mọ Nicodemus? Àwọn aláwọ̀ dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú ní Kentucky ló tẹ̀ ẹ́ dó sí Kansas ní 1877. Wọ́n ti ṣèlérí ìlú fún wọn. Nígbà tí obìnrin kan tó bá ọkọ rẹ̀ wá ní 1878 béèrè ibi tí ìlú náà wà, èéfín tó ń jáde láti inú ilẹ̀ lásán ni ọkọ nawọ́ sí: kòtò ni àwọn tó ti wá ṣáájú gbẹ́ tí wọ́n ń gbé. Ó bú sẹ́kún. Kò padà.

Ìgbà òtútù àkọ́kọ́, ẹran ìgbẹ́ tí àwọn ẹ̀yà Osage ń gbé bọ̀ láti oko ọdẹ ló wà lára ohun tó gbà wọ́n lọ́wọ́ ebi. Rélùwéè ló ṣe wọ́n ní jàǹbá gidi: ní 1888, ó gba ẹ̀yìn odò kọjá, àwọn oníṣòwò sì kó ẹrù tẹ̀lé e. Ènìyàn 14 ló kù níbẹ̀ ní 2020. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù keje lọ́dọọdún, ọmọ Nicodemus á máa ti gbogbo Amẹ́ríkà wọlé fún àjọ̀dún ìlú, èrò á sì pọ̀ débi pé ibùsùn kò ní gbà wọ́n tán.

Ìkànìyàn 2020 kò bẹ̀rẹ̀ ní Washington, ìjókòó ìjọba. Toksook Bay, Alaska, ló ti bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní, ìyá ẹni 90 ọdún ni wọ́n sì kọ́kọ́ kà. Ilẹ̀ ní láti dì gbagidi kí àwọn oníkànìyàn tó lè rìn dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ará ìlú má sì tíì lọ sí oko ọdẹ àti ìpẹja.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ pa tiwa mọ́ dé ìparí ni. Ṣé ẹ mọ̀ pé Ọ̀yọ́ kan wà ní South Carolina? Ọ̀yọ́túnjí lorúkọ rẹ̀, àgbègbè Sheldon ló wà, orí ilẹ̀ éékà 27. Ní 1970 ni Ọba Ẹfúntọ́lá Oseijeman Adélabú Adéfúnmi Kìíní tẹ̀ ẹ́ dó, ọmọ tí wọ́n bí ní Detroit ní 1928, tó lọ ṣe òrìṣà ní Matanzas, Cuba, ní 1959.

Láàárín ọdún díẹ̀, èrò ibẹ̀ kúrò ní 5, ó dé bí 200. Pátákó ẹnu ọ̀nà sì sọ fún àlejò gbangba pé ó ti ń fi Amẹ́ríkà sílẹ̀, ó ń wọ ilẹ̀ ọba Yorùbá. Kò sí físà o! Ààfin wà, ojúbọ òrìṣà wà, egúngún ń jáde.

Ní 1981, ó wá sí Ilé-Ifẹ̀, Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé sì fi í jẹ ọba. Ìgbèríko Amẹ́ríkà mélòó ni ọba rẹ̀ gbàṣẹ láti Ifẹ̀? Èmi kò mọ ìkejì.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Atlanta, Charlotte tàbí Savannah, títì 17 ni kí ẹ gbà. Wọ́n ń gba àlejò. Tí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́, Yorùbá ni kí ẹ fi kí wọn.